Dò Ni Ìbẹ̀rù Kọ́kọ́ Ń Jí Gbé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2011, aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo jókòó sí sítúdíò ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn, ìròyìn wà lọ́wọ́ mi lórí bébà mẹ́rin. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé bébà náà ń dún. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn gíláàsì ń fọwọ́ júwe sí mi pé kí n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, máìkì ń gbọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni òjò ńlá yẹn rọ̀, èyí tí ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé. Oṣù Ràmàdáánì ni. Àwọn aláàwẹ̀ ṣínu tán, òjò kò dá. Wọ́n kí àṣámù tán, kò dá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, odò ti kúrò ní ipa rẹ̀, ó ti wọlé tọ àwọn èèyàn lọ, afárá Àpẹ́tẹ̀ ti bá omi lọ, àwọn àgbà tó rántí ìgbà tí Ògùnpa ya ní ọdún 1980 sì ń káwọ́ lérí. Nígbà tí wọ́n ka òkú tán lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní àárọ̀ tí mò ń sọ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ iye. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ kò ju pé kí wọ́n tan rédíò.

Èmi kọ́ ló yẹ kí n ka ìròyìn. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó yẹ kó kà á kò rí ọ̀nà gbà kọjá, omi ti dí i mọ́lé. Olóòtú wá nawọ́ bébà sí mi, ó ní, “Ìwọ lo máa kà á.” Ó yí padà, kò wò mí mọ́.

Mo ti ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Ohun tó wà lórí bébà nìyí: “Omi gbe oko meta lo.” Ọkọ̀ ni, mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Iná pupa tàn, ẹnu mi gbẹ táútáú, àyà mi ń lù kì kì kì, mo sì gbọ́ tí ohùn mi ń lọ sókè bí ìgbà tí ọmọdé bá ń sá fún ajá. Mo sọ fún gbogbo Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ pé omi gbé ọkọ mẹ́ta lọ.

Èmi ò mọ̀ pé mo ṣì í. Fóònù ló sọ fún mi. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé omi fi àwọn ìyàwó wọn sílẹ̀ ni. Ẹnì kejì kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ tèmi kò wálé láti àná. Ọkọ àwọn ta ni ẹ ní omi gbé lọ?”

Ọkọ rẹ̀ padà wálé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ibi iṣẹ́ ló sùn sí. Obìnrin náà pè wá láti sọ fún wa, kò sì bú mi, ó ní kí n kú iṣẹ́. Ìbá sàn kó bú mi.

Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Mo kọ èsì, mo tọrọ àforíjì, wọ́n dá mi padà sórí ìròyìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Tí n bá ní ìròyìn aago méje láti kà, aago méjì òru ni ojú mi máa ń là. Jìnnìjìnnì á bò mí kí n tó wọ bàtà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé iṣẹ́ wa di yàrá kejì fún mi. Mo jẹ orógbó, mo lá oyin, mo mu omi gbígbóná, mo gbàdúrà. Kí àdúrà má bínú o, ṣùgbọ́n àmín lèmi ń ṣe, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Gbogbo ẹni tó bá rí mi ló máa ń sọ pé, “Fọkàn balẹ̀.” Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé kó fọkàn balẹ̀, ẹ̀ ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti rí i pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìdààmú rẹ̀ á wá di méjì. Ọgbọ́n tí mo dá fúnra mi ni pé kí n máa kà á kíákíá kí n lè tètè jáde. Bí mo ṣe ń yára ni èémí ń tán, bí èémí ṣe ń tán ni ohùn ń gòkè. Mi ò mọ̀ pé iná ni mò ń fi pa iná.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà tó máa ń wá ṣe ètò àwọn àgbà lọ́dọ̀ wa ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ọmọdé ni nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì jẹ́ àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí wáyà ń gbé ọ̀rọ̀ wá sínú rẹ̀. Ọdún 1939 ni irú rẹ̀ ti dé Ìbàdàn. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi tí a gbà sílẹ̀, tí mo ń sunkún. Kò bẹ̀ mí. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí n tún un fi sí i.

Ó gbọ́ ìròyìn méjì. Èkíní ni ìròyìn aago mẹ́rin ọ̀sán kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìpàdé àwọn káńsẹ́lọ̀ lọ. Èkejì ni ìròyìn àárọ̀ tí ọ̀gá pátápátá jókòó ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ láti wò mí. Ó ní, “Gbọ́ ara rẹ dáadáa. Níbo ni dò lọ?”

Mo tẹ́tí. Òótọ́ ni. Nínú ìròyìn ọ̀sán, dò, re, mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ààyè rẹ̀. Nínú ìròyìn àárọ̀, mí wà, re wà, ṣùgbọ́n gbogbo dò ti gun àkàbà, wọ́n ti di re. “Ìlú” ń fẹ́ di “ilú,” “ọ̀nà” ń fẹ́ di “ọnà.” Bàbá ní, “Ìbẹ̀rù kì í jí mí gbé, kì í jí re. Dò ló kọ́kọ́ ń jí gbé, torí òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀fun tó bá sì ti fún kò lè dé ibẹ̀. Ìgboyà lò ń wá kiri látọjọ́ yìí. Ta ló ní kó o wá ìgboyà? Lọ wá dò rẹ.”

Èdè mìíràn wà tí ẹni tó ń kà á lè fi ohùn ìbẹ̀rù ka ìròyìn rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má yí padà. Wọn á kàn ní ẹ̀rù ń bà á ni. Yorùbá kò gba irú ẹ̀ fún wa. Bí ẹ̀rù bá bà ẹ́, ọkọ̀ á di ọkọ.

Ohun tó kọ́ mi kò le, ìtìjú tó wà níbẹ̀ ló le. Ó ní kí n máa dé sítúdíò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kí n jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí n jẹ́ kí àgbọ̀n mi rọ̀ sílẹ̀ bí ti ẹni tó sùn sínú ọkọ̀, kí n wá máa kùn nísàlẹ̀ ọ̀fun, hùn, hùn, hùn, títí tí mo fi máa gbọ́ ọ nínú igbá àyà mi. Kí n mí sínú díẹ̀, kí n mí síta pẹ́. Mímí síta ló tẹnu mọ́ jù. Ó ní àwọn tí ẹ̀rù ń bà máa ń gbé èémí wọlé bí ẹni tó fẹ́ wẹdò, wọn kì í rántí tú u sílẹ̀. Ó bi mí léèrè bóyá mo ti rí àyàn tó kàn gbé ìlù láti ilé tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú lójú agbo láìkọ́kọ́ sá a sóòrùn kí awọ rẹ̀ yá. Mo ní rárá. Ó ní, “Kí ló dé tí ìwọ fi ń gbé ọ̀fun tútù wọ sítúdíò?”

Ó tún ní kí n gba pẹ́ńsùlù, kí n wá àwọn ọ̀rọ̀ tó ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ nínú ìròyìn, kí n fi àmì sórí wọn nìkan. “Tó o bá fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, o ò ní rí ìkankan.” Ọ̀dàlẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Igba èèyàn, ìgbà òjò, igbá ẹ̀mu. Ogún ọmọ ogun. Lórí bébà tí kò lámì, gbogbo wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé tí mo bá ti fi pẹ́ńsùlù mú ọ̀dàlẹ̀ mẹ́fà tàbí méje, ẹ̀rù tó kù kò pọ̀ mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni “ìròyìn.” Ó ti wá di ọ̀rọ̀ mẹ́fà.

Lẹ́yìn náà ló wá rán mi sí ẹnu géètì. Kí n lọ ka gbogbo ìròyìn sókè fún bàbá ọlọ́dẹ kí n tó wọ sítúdíò. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bàbá ọlọ́dẹ náà rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó sùn lọ nígbà tí mo ń kà á lọ́wọ́. Mo fi ẹjọ́ sùn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní, “Ohùn tó lè mú ọlọ́dẹ sùn ti balẹ̀ nìyẹn. Wọlé.”

Ẹ̀kọ́ kan tún kù tó kọ́ mi tí mo rò pé ó tóbi ju ti dò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó yé mi. Ó ní orúkọ tí àwọn baba wa sọ rédíò kò ṣèèṣì: asọ̀rọ̀mágbèsì. O ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò dá ọ lóhùn. Ẹni tó ń ṣe alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó ń rí ojú èèyàn, bí àwàdà rẹ̀ bá kú, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì wá òmíràn. Ìwọ ń bá gíláàsì sọ̀rọ̀. Níbi tí o kò ti rí ojú olùgbọ́, ẹ̀rù á bá ọ ya ojú sí i, ojú ẹlẹ́yà ló sì máa ń yà. Ó ní kí n yan ojú kan ṣoṣo, ojú ẹni tí mo mọ̀, kí n máa kà á fún un.

Mo yan ìyá alámàlà kan tí mo máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Rédíò kékeré kan wà lórí àpótí ẹran rẹ̀ tí kì í kú láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Tí mo bá ti jókòó sí iwájú máìkì, mo máa rí i tó ń ro àmàlà, tó ń fi apá nu òógùn. Mi ò kà á fún Ìbàdàn mọ́.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, a gba dókítà kan lálejò lórí ètò ìlera, mo sì bi í léèrè ohun tó ń mú kí ẹnu gbẹ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bani. Ó ṣàlàyé pé ohun kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, òun ló ń tú èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kíákíá kí ẹ̀jẹ̀ lè dé apá àti ẹsẹ̀, iṣan á le, itọ́ á gbẹ, ìfun á sì dá iṣẹ́ dúró, torí ara rò pé ẹkùn ló ń bọ̀. Ó ní mímí síta tó pẹ́ máa ń dín lílù ọkàn kù, ẹ fi ọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ yín kí ẹ wò ó. Mo wo Bàbá tó jókòó sí ìta gíláàsì. Ó gbé ojú sókè bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Nípa “fọkàn balẹ̀,” mo ti wá rí ẹni tí yóò gbè mí. Olùwádìí kan ní Harvard, Alison Wood Brooks, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014. Ó ní kí àwọn èèyàn kọrin lójú àwọn tí wọn kò mọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń wọn bí ohùn wọn ṣe bá orin mu. Ó ní kí àwọn míì sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí àwọn míì ṣe ìṣirò. Àwọn tó sọ fún ara wọn pé inú àwọn ń dùn sí i ṣe dáadáa ju àwọn tó ń sọ fún ara wọn pé kí àwọn fara balẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kà á, mo ní àwa ti ní ọ̀rọ̀ fún un tẹ́lẹ̀: ara mi yá gágá. Ọkàn tó ń lù kì kì nítorí ẹ̀rù àti èyí tó ń lù kì kì nítorí ijó, ìlù kan náà ni. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti kùn dò mi tán, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn, mo máa ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa rò pé ọfọ̀ ni.

Mo fẹ́ sọ nípa ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2015, torí ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lára mi. Òru ọjọ́ yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, alága àjọ elétò ìdìbò, kéde èsì ìbò ààrẹ. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ààrẹ tó wà lórí oyè máa fìdí rẹmi nínú ìdìbò ní Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó sùn. Iye ìbò náà dé ọ̀dọ̀ wa ní òǹkà: Buhari, 15,424,921, Jonathan, 12,853,162. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kàn máa kà á lọ ni. Lédè wa, ìṣirò ni. Ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ wò ó: mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ó lé mẹ́rìnlélógún, àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé mọ́kànlélógún. Ìyẹn ẹnì kan. Ẹnì kejì: mílíọ̀nù méjìlá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́tàléláàádọ́ta, àti méjìlélọ́gọ́jọ. Ìlú sì ń gbóná. Ẹni tó bá ṣì í, wọ́n á ní ó ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú.

Mo kọ ọ́ jáde ní ọ̀rọ̀, mi ò kọ ọ́ ní òǹkà. Mo fa ìlà sí ibi tí mo ti máa mí. Mo lọ sẹ́nu géètì. Bàbá ọlọ́dẹ kò sùn lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí mo dé orí “mọ́kànlélógún,” ó dìde, ó fò sókè, ó ní, “Ṣé òótọ́ ni?” Àárọ̀ ọjọ́ náà, níwájú máìkì, mo rí ìyá alámàlà, mo sì kà á fún un bí ẹni tó ń ka owó sọ́wọ́ oníbàárà, díẹ̀díẹ̀, kí àwa méjèèjì lè jọ gbà pé ó pé. Mo ṣi nǹkan kan pè níbẹ̀ o. Mo pe orúkọ ìpínlẹ̀ kan ṣáájú òmíràn nínú àlàyé tó tẹ̀ lé e. Mo padà sẹ́yìn, mo ní “ẹ má bínú,” mo tún un pè, mo sì ń bá a lọ. Bàbá ti sọ fún mi pé olùgbọ́ kì í pẹ́ gbàgbé àṣìṣe tí o bá tún ṣe. Ẹyin lohùn, mo gbà, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹyin lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń nu ilẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni ti Bódìjà. Mo ti kúrò ní ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ nígbà yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé mì. Àwo tíì tó wà lórí tábìlì mi já bọ́. Kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù mi ti kún. Ẹnì kan ní gáàsì ló bú. Ẹnì kan ní bọ́ǹbù ni. Òmíràn ní ọkọ̀ òfuurufú ló já. Ọ̀kan nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà kà báyìí: “iro nla ni Bodija.” Mo wò ó, mo sì rẹ́rìn-ín níbi tí kò ti yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ìró ńlá ni, tàbí irọ́ ńlá? Alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló jọ ń wọlé.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Bódìjà. Fóònù rẹ̀ kò lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olóòtú lálẹ́ ọjọ́ yẹn ń pariwo pé kí n wọlé, kí n sọ fún àwọn èèyàn, ilé iṣẹ́ rédíò tó kù ti ń sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Dò tirẹ̀ ti lọ pátápátá, ohùn rẹ̀ ti wà ní òrùlé. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Mo tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kùn. Lẹ́ẹ̀kan yìí, kò dé ìsàlẹ̀. Mo tún kùn, kò dé. Ojú àbúrò mi ló ń wá síwájú mi, kì í ṣe ojú ìyá alámàlà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: dò mi kò dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo wọlé láìní i.

Nítorí pé mo mọ̀ pé n kò ní i, mo ké ọ̀rọ̀ mi kúrú. Mo ní a gbọ́ ìró ńlá kan ní Ìbàdàn, a kò tíì mọ ohun tó fà á, kí àwọn tó bá sún mọ́ Bódìjà kúrò nítòsí ibẹ̀ kí àwọn tó ń gbani là lè ráàyè kọjá, a ó padà wá. Gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni. Mo pe “ìró” bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe gáàsì. Nígbà tí aago mẹ́wàá fi ń lù, àbúrò mi pè, gíláàsì fèrèsé ló gé e lápá. Ohùn rẹ̀ wà lókè fíofío. Mo sọ fún un pé kó mí síta.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ohun tí mo ń sọ yìí lọ fi pa ẹnu òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Láàárín ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, mo ṣiṣẹ́ níbì kan tí owó oṣù márùn-ún kò wọlé, tí èmi nìkan ń túmọ̀ ìròyìn, tí mò ń kà á, tí mò ń ṣe ètò òru, tí ọ̀gá sì máa ń sọ fún wa nípàdé pé iṣẹ́ yìí gba ọkàn akin. Mo kùn dò níbẹ̀ títí, mo mí síta títí, mo sọ pé ara mi yá gágá. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó jẹ́ 160 lórí 100. Nọ́ọ̀sì náà bi mí pé wákàtí mélòó ni mò ń sùn. Mo ní mẹ́rin. Ó wò mí bí ìyá mi ṣe máa ń wò mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ lọ sùn.” Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yẹn. Pákáǹleke tó wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni mo mọ bí a ṣe ń bá a jà. Èyí tó wà nínú owó oṣù tí kò wọlé, èémí kò ràn án.

Bàbá kú lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní kí èmi ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, mo sì ṣàkíyèsí nígbà tí mo dé ìdajì pé gbogbo àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó jókòó síwájú ń mi orí sí ohùn mi, àwọn ọ̀bàyéjẹ́, wọ́n ń máàkì mi níbi òkú.

Ní oṣù tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ jẹun ní Mọ́kọ́lá. Ọwọ́ òun náà ń gbọ̀n, mo sì ti fún un ní pẹ́ńsùlù. Mo fẹ́ fi ìyá alámàlà hàn án. Mo sọ fún ìyá náà níkẹyìn, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, pé òun ni mò ń ka ìròyìn fún ní àràárọ̀. Ó gbé ẹran sí orí àwo, ó rọ ewédú sí i, ó rọ gbẹ̀gìrì sí i, kó tó dá mi lóhùn.

“Ẹ̀yin náà ń ka ìròyìn ni? Rédíò mi yìí, ibì kan náà ló máa ń wà, ibi tí wọ́n ti ń fi sákárà sí i. Ìròyìn máa ń fa orí fífọ́ fún mi.”

Ọmọbìnrin náà ń wò mí bóyá màá bínú. Mo ní kí ìyá fi ṣàkì kan sí i. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aago méje ku ìṣẹ́jú kan, iná pupa ń bọ̀, òun náà ni mo tún rí.